Omijé Kò Tó San Gbèsè: Ìwà Ọkùnrin Nínú Eré Amóhùnmáwòrán Àwọn Elédè Sípáníìṣì

Ọ̀rọ̀ kan ti di àsọtúnsọ lẹ́nu àwọn lámèyítọ́ eré amóhùnmáwòrán láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Wọ́n ní ọkùnrin inú eré àwọn elédè Sípáníìṣì ti yí padà. Wọ́n ní láyé àtijọ́, aláṣẹ tí ń jágbe mọ́ ará ilé ni. Wọ́n ní lóde òní, ó ti mọ ẹkún sun, ó ti mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, ó tilẹ̀ ti ń lọ sí kíláàsì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọkùnrin bí ó ṣe yẹ kí ọkùnrin máa hùwà. Omijé ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ọkùnrin tí ń sunkún nínú àwọn eré wọ̀nyí ń ríran kedere, ohun tí ó sì ń wò ni ọ̀nà tí gbèsè ọrùn rẹ̀ yóò gbà di ti ẹlòmíràn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè nìkan ni èyí. Láti àwọn ọdún 1990 ni eré Mẹ́síkò tí wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì bò ti ń wọ ilé ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́njú nígbà náà kò ní gbàgbé The Rich Also Cry lórí NTA. Lónìí, íntánẹ́ẹ̀tì ti gbé irú eré bẹ́ẹ̀ dé orí fóònù akẹ́kọ̀ọ́. Ojú tí akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ń wo eré ni ó fi ń ka ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n yàn fún ìdánwò. Bí olú ẹ̀dá-ìtàn bá ti sunkún ní orí tí ó kẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ‘ó ronú pìwàdà’, olùkọ́ a sì fún un ní máàkì. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé kí ni ìrònúpìwàdà náà ná onítọ̀hún.

Nínú èdè Sípáníìṣì, macho ni akọ, ìbáà ṣe ti ẹran, ìbáà ṣe ti ènìyàn. Láti ara rẹ̀ ni machismo ti jáde, èyí tí í ṣe ìgbàgbọ́ pé jíjẹ́ akọ nìkan ti tó láti sọ ènìyàn di ọ̀gá. Yorùbá náà ní akọ, ó sì ní akin, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkùkọ jẹ́ akọ. Kò sí ẹni tí yóò kì í ní akin nítorí ìyẹn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni àwọn òǹkọ̀wé eré ń fi ọgbọ́n parẹ́ nígbà tí wọ́n bá fi ojú rere, aṣọ iyì àti ìgboyà bo ìwàkíwà mọ́lẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Félix B. Caignet, ọmọ Kúbà, ni ó ti yẹ kí ẹjọ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó kọ El derecho de nacer, ìyẹn ‘Ẹ̀tọ́ láti wáyé’, tí rédíò CMQ ní Havana gbé sáfẹ́fẹ́ ní 1948, nígbà tí amóhùnmáwòrán kò tíì dé erékùṣù náà. Ìtàn yìí tàn ká ilẹ̀ àwọn elédè Sípáníìṣì bí iná ọyẹ́. Àwọn ará Mẹ́síkò sọ ọ́ di eré amóhùnmáwòrán ní 1966, wọ́n tún un ṣe ní 1981, wọ́n sì tún un ṣe ní 2001. Nínú rẹ̀, olówó kan wà tí ń jẹ́ don Rafael del Junco. Ọmọbìnrin rẹ̀, María Elena, lóyún láìlọ́kọ, ẹni tí ó fún un lóyún sì sá. Don Rafael pàṣẹ pé kí wọ́n pa ọmọ náà bí ó bá ti délé ayé, kí orúkọ ilé má baà bàjẹ́. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Mamá Dolores, tí í ṣe alágbàtọ́ nínú ilé náà, ni ó gbé ọmọ sá lọ, tí ó tọ́ ọ dàgbà bí ọmọ inú ara rẹ̀. Ọmọ di dókítà, ó ń jẹ́ Alberto Limonta. Ní ọjọ́ kan, ó fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ fún àgbàlagbà kan tí ikú fẹ́ mú lọ. Bàbá ìyá rẹ̀ tí ó pàṣẹ ikú rẹ̀ ni ó gbà là, kò sì mọ̀. Nígbà tí don Rafael mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Mamá Dolores, àrùn ẹ̀gbà dá a gúnlẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó mọ àṣírí tí gbogbo ilé ń wá, ṣùgbọ́n ahọ́n kò gbé e.

Ẹnu tí ó fi pàṣẹ ikú ni Caignet dì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi eré yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹkún rẹ̀ ti pọ̀ jù, òótọ́ sì ni pé kò sí ẹni tí kì í sunkún níbẹ̀. Síbẹ̀ Caignet kò gba omijé lọ́wọ́ don Rafael gẹ́gẹ́ bí owó orí. Aláṣẹ ni, àṣẹ ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wo àwọn tí ó ṣẹ̀, ẹ̀bẹ̀ pàápàá kò ṣeé bẹ̀. Ohun mìíràn tún wà nínú ìtàn náà tí àwọn lámèyítọ́ kì í sábà mẹ́nu bà. Nínú gbogbo ọkùnrin inú rẹ̀, ẹni tí ìwà rẹ̀ pé jù lọ ni Alberto, ilé tí kò ní baba ni ó sì ti dàgbà. Ọwọ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú ni Caignet fi iṣẹ́ sísọ ọmọ di ọkùnrin lé, ní orílẹ̀-èdè tí oko ẹrú kò parí títí di 1886, níbi tí wọ́n ti ń pe àtọmọdọ́mọ Yorùbá ní Lukumí. Ó yẹ kí a yìn ín. Ó sì yẹ kí a bá a wí níbẹ̀ kan náà, nítorí pé kò fún Mamá Dolores ní ọkọ, kò fún un ní ọmọ tirẹ̀, kò fún un ní ohunkóhun tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe ju kí ó máa san gbèsè tí ọkùnrin olówó jẹ.

Ibi tí Caignet dúró sí kọ́ ni àwọn tí ó tẹ̀ lé e dúró sí. Los ricos también lloran, tí Televisa ti Mẹ́síkò gbé jáde ní 1979, ni orúkọ tí The Rich Also Cry ń jẹ́ nílé. Wọ́n wò ó dé Rọ́ṣíà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Verónica Castro ni ó ṣe Mariana, ọmọ òrukàn tí wọ́n gbà sínú ilé ọlọ́rọ̀; Rogelio Guerra ni ó ṣe Luis Alberto Salvatierra, ọmọ olówó aláfẹ́ tí ó fi í ṣaya. Luis Alberto fura sí ìyàwó rẹ̀ láìwádìí, ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tòun toyún. Ìbànújẹ́ yìí da Mariana lórí rú títí tí ó fi gbé ọmọ tuntun lé obìnrin tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì lọ́wọ́ ní ìgboro. Ọkọ padà dé, ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n tún di tọkọtaya. Ta ni ó wá lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wá ọmọ? Mariana ni. Ta ni ó gbé ẹ̀bi ọmọ tí ó sọnù sórí bí ẹrù igi? Mariana ni. Nígbà tí ó sì rí ọmọ náà, tí ó ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ọkọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fura, bí ẹni pé ẹkún àkọ́kọ́ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Àkọlé eré náà kò purọ́: àwọn olówó náà ń sunkún. Kò sọ pé wọ́n ń san gbèsè. Ọdún 1979 sì nìyí. Ẹni tí ó bá ń sọ lónìí pé ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ẹkún sísun kò wẹ̀yìn wò kí ó tó sọ̀rọ̀.

Àwọn agbèjà yóò ní Mẹ́síkò àtijọ́ nìyẹn, kí a wo Kòlóńbíà. Wọ́n á mú Yo soy Betty, la fea jáde, eré tí Fernando Gaitán kọ, tí ilé-iṣẹ́ RCN gbé sáfẹ́fẹ́ láti 1999 títí di 2001. Eré gidi ni, kò sí ẹni tí ó lè jiyàn rẹ̀. Àwàdà inú rẹ̀ kò tíì gbó. Beatriz Pinzón, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Betty, jẹ́ ọmọbìnrin tí kò lẹ́wà lójú àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó mọ ìṣirò owó ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ni Armando Mendoza, ààrẹ ilé-iṣẹ́ aṣọ Ecomoda. Armando fi ìwàǹwára ba owó ilé-iṣẹ́ jẹ́, ó sì fi àṣírí náà àti ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ orúkọ Betty. Nígbà tí ẹ̀rù wá ń bà á pé ọmọbìnrin náà lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mario Calderón, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi ìfẹ́ tàn án. Armando ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ní àfẹ́sọ́nà tí wọ́n ti jọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Calderón kọ lẹ́tà sí i, ó to ọ̀nà ìtànjẹ náà lẹ́sẹẹsẹ, ó kó ẹ̀bùn pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí wọ́n á fi dá ọmọ ọlọ́mọ lọ́kàn rú pọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́tà náà bọ́ sọ́wọ́ Betty.

Ọgbọ́n Gaitán hàn gbangba nínú lẹ́tà yìí. Kì í ṣe àhesọ, kì í ṣe ìfura. Ọwọ́ ọkùnrin ni ó kọ ọ́. Bí eré náà bá ti tẹ̀ lé ọ̀nà tí lẹ́tà náà là sílẹ̀, ìbá jẹ́ ẹjọ́ tí ó le jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù díẹ̀ kí eré parí, ojú olùwòran ni wọ́n yí padà kúrò lára ẹni tí wọ́n tàn sí ara ẹni tí ó tan ni. Armando ń mutí, kò jẹun, kò sùn, ó wọ ilé ọtí lọ wá ìjà kí wọ́n baà lè lù ú. Ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀, olùwòran ń ṣàánú rẹ̀. Wọ́n ní, ‘Ṣé ẹ rí i, ó ti jìyà.’ Òótọ́ ni, ó jìyà. Ẹni tí ó jẹ Àjàní ní gbèsè, tí ó wá ń fi pàṣán na ara rẹ̀ ní gbangba, kò tíì fún Àjàní ní kọ́bọ̀. Ìgbátí tí Armando gbà ní ilé ọtí kò dá ohunkóhun padà fún Betty. Betty ni ó padà wá di ààrẹ, tí ó tún owó ilé-iṣẹ́ náà ṣe. Betty náà ni ó foríjì í, tí ó sì fẹ́ ẹ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ní ti Calderón tí ó kọ lẹ́tà, kò sí ilé tí ó wó lé e lórí. (Hugo Lombardi, aránṣọ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin bíi tirẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rín ní gbogbo àsìkò yìí. Nínú ilé tí ọkùnrin méjì ti pète láti ba ayé ọmọbìnrin kan jẹ́, ọkùnrin tí wọ́n rí bí ẹni yẹ̀yẹ́ ni ẹni tí kò bá wọn pète rẹ̀.)

Ti àwọn eré onísòwò oògùn olóró kò gba àlàyé púpọ̀. Caracol ṣe Pablo Escobar, el patrón del mal ní 2012. Méjì nínú àwọn tí ó dá eré náà sílẹ̀ jẹ́ ẹbí àwọn tí Escobar pa. Camilo Cano ni ọmọ Guillermo Cano, olóòtú ìwé ìròyìn El Espectador, tí wọ́n yìnbọn pa ní 1986. Juana Uribe jẹ́ ẹbí Luis Carlos Galán, tí wọ́n pa ní 1989. Kò sí ẹni tí ó ní ìdí tí ó tó tiwọn láti fi ojú ìkà hàn ní ojú ìkà. Síbẹ̀, èmi ìtàn kò gbé ẹni tí wọ́n pa. Ẹni tí ó pani ni kámẹ́rà ń bá jẹun, tí ó ń bá ṣeré pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. El señor de los cielos ti Telemundo, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, kò tilẹ̀ díbọ́n pé òun ń ṣọ̀fọ̀ ẹnikẹ́ni.

La casa de papel ni ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ó le. Sípéènì ni eré yìí ti wá. Antena 3 ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2017, kí Netflix tó rà á, tí ó sì di ohun tí gbogbo ayé ń wò títí ó fi parí ní 2021. Ẹgbẹ́ adigunjalè kan wọ ilé tí ìjọba ti ń tẹ owó ní Madrid, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dúró ní ìgbèkùn. Olórí wọn nínú ilé náà ni Berlín, tí Pedro Alonso ṣe: ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, ìmúra rẹ̀ gún régé, ẹ̀rù ikú kò bà á. Lára àwọn ẹni ìgbèkùn ni ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ariadna. Ìbẹ̀rù ikú mú kí ó gbà kí Berlín máa bá a lò pọ̀, nítorí ó rò pé bí inú ọkùnrin náà bá dùn, òun yóò yè. Ìbọn wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kò sí nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kejì. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ju orúkọ kan lọ: ìfipábánilòpọ̀ ni. Eré náà kò pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wó fẹ́ di pàkúté, Berlín dúró, ó ń yìnbọn mọ́ àwọn ọlọ́pàá kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè sá, ó sì kú sójú ìjà. Láti ìgbà náà, akọni ni. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi fọ ohun tí ó ṣe sí ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àwọn òǹkọ̀wé eré náà kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, kí ó wo apá kẹrin, tí ó jáde ní 2020. Arturo Román, ojo ènìyàn tí gbogbo olùwòran kórìíra, fún obìnrin ìgbèkùn kan, Amanda, ní oògùn, ó sì fi ìyẹn bá a ṣe ohun tí kò fẹ́. Níbẹ̀, eré náà dá ẹjọ́ tí ó tọ́. Ó fi ìrora Amanda hàn, ó sì sọ Arturo di ẹni ìríra. Ìdájọ́ méjì ni èyí lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan. Arturo kì í ṣe arẹwà, kò nígboyà, kò mọ̀rọ̀ sọ. Nítorí náà ó jẹ̀bi. Berlín ní gbogbo rẹ̀. Nítorí náà ó di àyànfẹ́. Òfin tí eré yìí fi ń ṣèdájọ́ kò béèrè ohun tí wọ́n ṣe sí obìnrin. Irú ọkùnrin tí ó ṣe é ni ó ń béèrè. Ojúlówó machismo nìyí, tí ó wọ aṣọ tuntun, nítorí pé ojo ọkùnrin ni machismo ti ń gàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Kò fìgbà kan gan ẹni tí ó nígboyà.

Ní oṣù Ọ̀pẹ̀, 2023, Netflix gbé eré mìíràn jáde, Berlín ni wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè. Ìtàn ìgbà tí ó ṣáájú ni: Berlín ní Paris, ó ń jí ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye, ó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ bí akéwì. Ọ̀rọ̀ Ariadna kò lè sí níbẹ̀, nítorí wọn kò tíì pàdé. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń hun ìtàn yóò mọ̀ pé wọn kò ṣèèṣì yan àsìkò náà. Kí a gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ti 1948. Don Rafael pàṣẹ láabi kan, òǹkọ̀wé gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 75, ọkùnrin mìíràn fi ìbọn gba ara ọmọbìnrin, àwọn òǹkọ̀wé fún un ní eré tirẹ̀. Ta ni ó ní ìlọsíwájú ti dé?

Àwọn kan á ní eré lásán ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀pẹ̀, 1997, obìnrin kan tí ń jẹ́ Ana Orantes jókòó níwájú kámẹ́rà Canal Sur ní Andalusia, ó sì ròyìn nǹkan bí 40 ọdún tí ọkọ rẹ̀ fi lù ú. Wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ti ní kí àwọn méjèèjì máa gbé inú ilé kan náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ọkùnrin yìí da epo sí i lára, ó sì dáná sun ún pa. Ikú rẹ̀ wà lára ohun tí ó ti Sípéènì débi òfin 2004 lórí ìwà ipá sí obìnrin. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé eré kan ni ó ti ọkùnrin náà ṣe é. Ohun tí ó ṣeé sọ ni pé orílẹ̀-èdè tí ó rí irú èyí lórí amóhùnmáwòrán kan náà tí ó ti ń wo eré kò ní àwáwí láti máa pe ìwà Berlín ní eré ìfẹ́. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Ti kíláàsì tí àwọn lámèyítọ́ ń yangàn lé lórí wà nínú Machos alfa, eré àwàdà tí Alberto àti Laura Caballero kọ, tí Netflix bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ní ìparí 2022. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin ní Madrid, Pedro, Luis, Raúl àti Santi, rí i pé ayé ti yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń tú ìwà akọ palẹ̀. Eré náà pani lẹ́rìn-ín, ó sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn ọkùnrin wọ̀nyí lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń ṣe iṣẹ́ tí ẹkún ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ọkùnrin bá ti gbà kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín, ó dà bí ẹni pé ó ti sanwó. Nínú ìtàn tí ó tẹ̀ lé e, yóò tún ṣe ohun kan náà.

Ìdáhùn kan wà tí ó lágbára ju ‘eré lásán’ lọ. Àwọn kan ní bí eré kò bá fi ọkùnrin tí ó yí padà hàn, níbo ni ọmọkùnrin yóò ti kọ́ pé ìyípadà ṣeé ṣe? Wọ́n ní ìdáríjì jẹ́ ohun rere, àti pé ìtàn tí kò ní ìdáríjì a máa gbẹ bí igi ìdáná. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní kí ìdáríjì má sí. Ìbéèrè náà ni ẹni tí ó ń sanwó rẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá, ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ó ń wá ẹlẹ́bẹ̀, òun ni ó ń dọ̀bálẹ̀, òun ni ó ń dá ohun tí ó mú padà kí àwọn àgbà tó bá a dá sí ọ̀rọ̀. Nínú eré galán, ìyẹn arẹwà ọkùnrin tí gbogbo ìtàn ń yí ká, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ títí tí yóò fi dà bí ìkà bí kò bá gbà. Nígbà tí Betty àti Armando padà dé ní 2024, lórí Prime Video, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú Gaitán, inú ìgbéyàwó tí ń tú ká ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Gbèsè tí wọ́n fi ìyàwó bò mọ́lẹ̀ ní 2001 ti hù jáde.

Eré kan wà tí ó kọ̀ láti gba omijé. Querer ni, tí Alauda Ruiz de Azúa darí fún Movistar Plus+ ní 2024, apá mẹ́rin péré. Querer nínú èdè Sípáníìṣì dúró fún nífẹ̀ẹ́, ó sì dúró fún fífẹ́ ohun kan. Yorùbá kò nílò àlàyé níbí, nítorí ‘fẹ́’ tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọkùnrin fẹ́ omi, ó fẹ́ràn, ó fẹ́yàwó. Ẹni tí wọ́n fẹ́, ṣé òun náà fẹ́? Ìbéèrè tí Miren gbé lọ sílé-ẹjọ́ ní Bilbao nìyẹn. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún nílé ọkọ, ó kó jáde, ó sì fi ẹ̀sùn kan Íñigo, ọkọ rẹ̀, pé ó ti ń fipá bá òun lò pọ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Íñigo kì í ṣe aṣọdẹ, kò gbé ìbọn, kò jọ don Rafael. Ọlọ́lá ènìyàn tí àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún ni. Nagore Aranburu àti Pedro Casablanc ṣe àwọn méjèèjì láìjẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn bẹ olùwòran fún àánú. Kámẹ́rà kò tẹ̀ lé Íñigo wọ ilé ọtí. Kò sí orin tí ń dárò nígbà tí ó bá sọ̀rọ̀ nípa bí òun ṣe fẹ́ràn ìyàwó òun tó.

Wọ́n ní ọmọkùnrin méjì. Jon, àbúrò, ń sún mọ́ ìyá rẹ̀. Aitor, ẹ̀gbọ́n, gbè sẹ́yìn bàbá, nítorí pé kò rí ohun tí ó burú nínú ilé tí ó ti dàgbà. Aitor ti níyàwó, ó ti ní ọmọ. Inú ilé tirẹ̀ ni eré náà ń padà sí lemọ́lemọ́, nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò ń jiyàn lórí ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe: ohùn Aitor tí ó ga lójijì, ìyàwó rẹ̀ tí ó dákẹ́, ọmọ kékeré tí ń wo ojú bàbá rẹ̀ kí ó tó mọ̀ bóyá ó lè sọ̀rọ̀.